Líǹkì Ojú Ewé fún Èsì API: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Ń Bi Wá Jù

Àwọn tí a jọ ń kọ kóòdù ní Adó-Èkìtì, àti àwọn ọmọ iléèwé gíga tó ń wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ló ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí léraléra. Àpẹẹrẹ tí mo lò jálẹ̀ ni áàpù kan tó ń to iye owó ọjà káàkiri Èkìtì: iṣu, gàrí, epo pupa, kòkó, ìrẹsì Ìgbẹ́mọ. Ohun kọ̀ọ̀kan tí ọlọ́jà bá kọ síbẹ̀ ni mo ń pè ní ẹrù. API ni ọ̀nà tí áàpù ń gbà béèrè ẹrù lọ́wọ́ sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú wọn.

Kí ni líǹkì ojú ewé, kí sì ni API fẹ́ fi ṣe?

Bí ẹrù 4,000 bá wà nínú dátábéèsì, a kì í da gbogbo rẹ̀ sórí fóònù ẹni tó kàn fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta iṣu. Sáfà á bù ú níwọ̀nba, bí wọ́n ṣe ń bu iyán fún àlejò, á wá sọ ibi tí ìyókù wà. Líǹkì ojú ewé ni ó fi ń sọ ọ́: àdírẹ́sì kíkún tí áàpù máa lọ bá tó bá fẹ́ ojú ewé tó kàn, èyí tó ṣáájú, èkíní tàbí èyí tó kẹ́yìn.

Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n sábà ń jẹ́: `first`, `prev`, `next`, `last`. Ẹ má dá orúkọ tiyín sílẹ̀. Ẹni tó bá ti lo API mìíràn rí á mọ ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń sọ láìbi yín.

Ṣé kò tó kí sáfà sọ pé “ojú ewé 3 nínú 12”, kí áàpù fúnra rẹ̀ kọ URL tó kù?

Kò tó. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti máa ń pọ̀ jù, ọkàn mi ò sì yí padà lórí rẹ̀ rí. Sáfà ló mọ ọ̀nà, òun ni kó júwe rẹ̀. Bí áàpù bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ so `?page=` mọ́ URL, ó ti há ètò inú sáfà yín sórí nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí `page` padà sí nǹkan mìíràn, gbogbo fóònù tí áàpù náà wà lórí rẹ̀ ló máa dúró. Ẹ ò sì lè lọ bá màmá tó ń ta gàrí ní Ìkọ̀lé pé kó lọ gba áàpù tuntun lónìí.

Áàpù tó ń tẹ̀lé líǹkì kò ní ìṣirò kankan láti ṣe. Bí `next` bá wà, á fi bọ́tìnì “Síwájú” hàn. Bí kò bá sí, á gbé bọ́tìnì kúrò. Ẹ lè fi iye àpapọ̀ kún èsì kí òǹkàwé lè rí “ẹrù 240”, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kíkà ni kó wà fún, kì í ṣe kí áàpù máa fi í ṣẹ̀dá URL.

Ìṣirò wo ló wà nídìí líǹkì wọ̀nyí?

```
last   = ceil(total / per_page)
offset = (page - 1) * per_page
```

`total` ni iye àpapọ̀ ẹrù, `per_page` ni iye tó wà lójú ewé kan, `offset` ni iye tí a máa fò, `ceil` sì ń gbé ìdá sókè sí odidi. Ẹ jẹ́ ká fi ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Èkìtì wò ó. Bí a bá ń gbé 5 jáde lẹ́ẹ̀kan, 16 pín sí 5 jẹ́ 3, ó ṣẹ́ ku 1. Ojú ewé 4 ni, kì í ṣe 3. Ojú ewé kẹrin á fo 15, á wá gbé ẹyọ kan jáde: Ọ̀yẹ́, torí òun ló kẹ́yìn nínú títò lẹ́tà. Àpẹẹrẹ yìí ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí ẹni tó bá pín in tán tó ju ìṣẹ́kù nù yóò wá Ọ̀yẹ́ títí, kò ní rí i.

Ẹrù mélòó ló yẹ kó wà lójú ewé kan?

Bí ẹ kò bá sọ iye, API GitHub ń fi 30 ránṣẹ́, ti Stripe ń fi 10 ránṣẹ́, àwọn méjèèjì kì í sì í kọjá 100. Laravel, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù PHP, ń lo 15. Àwa ń lo 20. Détà kékeré ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo áàpù náà ń rà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń já bí èèyàn bá ń gba òkè Ẹ̀fọ̀n kọjá. Kí 20 wọlé kíá sàn ju kí 100 há sójú ọ̀nà lọ.

Iye yòówù tí ẹ bá mú, kí òpin rẹ̀ wà nínú sáfà. Bí ẹnì kan bá kọ `per_page=100000`, ẹ fún un ní 100, kí líǹkì `next` sì gbé 100 dání, kì í ṣe 100000 tí ó béèrè.

Inú JSON ni kí n kó líǹkì sí, àbí inú hẹ́dà?

JSON ni ara èsì fúnra rẹ̀, hẹ́dà ni àkọlé tó ń bá a rìn. Ọ̀nà méjèèjì ló ní ìlànà. Ti hẹ́dà wà nínú ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì RFC 8288, tó jáde ní 2017 láti rọ́pò RFC 5988 ti 2010. GitHub ń lò ó:

```
Link: <https://api.example.com/eru?page=4&per_page=20>; rel="next",
      <https://api.example.com/eru?page=12&per_page=20>; rel="last"
```

Ti inú JSON, JSON:API ni ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé. Django REST Framework, irinṣẹ́ ti Python, náà ń fi `next` àti `previous` sínú JSON, lẹ́gbẹ̀ẹ́ `count` àti `results`.

```
{
  "data": [],
  "links": {
    "first": "https://api.example.com/eru?page=1&per_page=20",
    "prev":  "https://api.example.com/eru?page=2&per_page=20",
    "next":  "https://api.example.com/eru?page=4&per_page=20",
    "last":  "https://api.example.com/eru?page=12&per_page=20"
  }
}
```

Inú JSON ni èmi fara mọ́, torí ẹni tó bá ṣí API yín nínú búráúsà á rí líǹkì lójú kan náà tó ti rí ẹrù. Bí ẹ bá yan hẹ́dà, tí ojú òpó yín sì wà lórí àdírẹ́sì tó yàtọ̀ sí ti API, búráúsà kò ní jẹ́ kí JavaScript ka `Link` àfi tí sáfà bá fi `Access-Control-Expose-Headers: Link` ránṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi odindi ọ̀sán kan jókòó ti èyí. curl, irinṣẹ́ tó ń béèrè láìlo búráúsà, ń fi líǹkì hàn án gbangba, kóòdù rẹ̀ sì ń sọ pé `null`. Kò sí àṣìṣe kankan nínú kóòdù náà.

Lójú ewé àkọ́kọ́, kí ni kí n fi sí `prev`?

Ẹ fi `null` síbẹ̀ tàbí kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. JSON:API gba méjèèjì. Ẹ ṣáà mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ òfìfo, `""`, síbẹ̀. URL òfìfo túmọ̀ sí “ibi tí mo wà yìí”. Áàpù tó bá tẹ̀lé e á máa yípo lójú kan náà.

Bí wọ́n bá béèrè ojú ewé tí kò sí ńkọ́?

`page=0`, `page=-3`, `page=abc`: ẹ dá 400 (ìbéèrè kò tọ́) padà, torí ẹni tó béèrè ló ṣì í.

Ojú ewé 13 nígbà tó jẹ́ 12 ló wà yàtọ̀ síyẹn. Django REST Framework ń dá 404 (kò sí) padà, Laravel ń dá 200 (ó dára) padà pẹ̀lú àkójọ òfìfo. Ti Laravel ni mo gbà. Ojú ewé 13 lè wà ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn, kí ọlọ́jà kan wá pa ẹrù rẹ̀ rẹ́. Ẹni tó tẹ líǹkì tí ẹ̀yin fúnra yín fún un kò jẹ̀bi. Ẹ fún un ní àkójọ òfìfo, kí `next` jẹ́ `null`, kí `prev` sì gbé e padà sí ojú ewé 12 tó wà lóòótọ́.

Bí kò bá sí ẹrù kankan rárá, ojú ewé 1 ṣì wà. Ìṣirò òkè yẹn á fún yín ní 0 fún `last`, líǹkì á sì di `page=0` tí sáfà yín fúnra rẹ̀ kò gbà. Ẹ rí i dájú pé `last` kì í kéré sí 1.

Mo fi asẹ́ mú ọjà Ìkéré nìkan, mo tẹ “Síwájú”, ọjà gbogbo Èkìtì ló jáde. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Líǹkì yín gbé `page=2` dání, ó fi `ilu=Ìkéré` sílẹ̀ sẹ́yìn. Ohun gbogbo tó mú kí ojú ewé 1 rí bó ṣe rí gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e dé ojú ewé 2: asẹ́, ọ̀nà tí a gbà tò ó, iye ẹrù tó wà lójú ewé kan. Nínú Laravel, `withQueryString()` ló ń ṣe é. Níbòmíràn, ẹ mú gbogbo ohun tó wà nínú ìbéèrè, ẹ pààrọ̀ `page` nìkan, ẹ wá tún URL kọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ mọ̀ nìkan ni kí ẹ kó. Bí ẹnì kan bá fi kọ́kọ́rọ́ API rẹ̀ sínú URL, tí ẹ sì ṣe àdàkọ gbogbo rẹ̀ láìwò, kọ́kọ́rọ́ náà á wà nínú líǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibikíbi tí wọ́n bá tọ́jú èsì náà sí ló sì máa bá a lọ.

Kí ló dé tí líǹkì mi ń jáde pẹ̀lú `http://` tàbí `localhost`, nígbà tó jẹ́ pé `https` ni mo ń lò?

Torí pé áàpù yín kò mọ orúkọ tí ayé ń pè é. Nginx ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun ló ń gba `https` lọ́wọ́ fóònù. Tó bá di inú ilé, ó ń bá áàpù sọ̀rọ̀ lórí `http://127.0.0.1:8000`. Áàpù wo ibi tí ìbéèrè gbà wọlé, ó sì fi ìyẹn kọ líǹkì.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí wa. Ìyá kan ní Ọjà Ọba pè mí: “Ọmọ mi, mo tẹ Síwájú, ó kàn ń yí, kò dé ibì kankan.” Ojú ewé 1 ń ṣí dáadáa lọ́dọ̀ rẹ̀. Líǹkì `next` ló ní `http://`, Android 9 àti èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí áàpù lo `http` lásán àfi tí a bá gbà á láyè. Lórí kọ̀ǹpútà tiwa kò sí ohun tó ṣe é, ìdí nìyẹn tí a kò fi tètè rí i.

Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Èkíní: kí Nginx fi `X-Forwarded-Proto` àti `X-Forwarded-Host` ránṣẹ́, kí áàpù sì gbà wọ́n gbọ́ lẹ́nu Nginx nìkan. Bí ẹ bá gbà wọ́n gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn, ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ojú òpó tirẹ̀ sínú hẹ́dà náà, kí líǹkì yín máa darí àwọn oníbàárà lọ bá a. Èkejì: ẹ kọ àdírẹ́sì API yín sínú ètò áàpù ní ẹ̀ẹ̀kan, kí gbogbo líǹkì máa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Èkejì yìí ni a ń lò báyìí.

Orúkọ ìlú tó ní àmì ń bàjẹ́ nínú líǹkì. Ṣé kí n yọ àmì kúrò ni?

Ẹ má yọ ọ́. URL kì í gba lẹ́tà bíi Ọ̀ bó ṣe rí, ẹ gbọ́dọ̀ yí i sí kóòdù bí ẹ bá ń kọ líǹkì. Ọ̀yẹ́ á di:

```
?ilu=%E1%BB%8C%CC%80y%E1%BA%B9%CC%81&page=2
```

`http_build_query` ń ṣe é nínú PHP, `urlencode` nínú Python, `URLSearchParams` nínú JavaScript. Ẹ má fi ọwọ́ so ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìrẹ́pọ̀dùn/Ìfẹ́lódùn náà ní ìlà tó dá a sí méjì. Bí ẹ bá kó o sí ara ọ̀nà URL láìyí i padà, sáfà á rò pé ibi méjì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó fara sin. Ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà tọ́jú Ọ̀. Ó lè jẹ́ Ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ nínú tẹ́lẹ̀, tí a wá fi àmì òkè lé. Ó sì lè jẹ́ O lásán, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà àmì òkè. Lójú wa wọn ò yàtọ̀ rárá. Nínú líǹkì, ọ̀kan jẹ́ `%E1%BB%8C%CC%80`, èkejì jẹ́ `O%CC%A3%CC%80`. Bí dátábéèsì bá ní ti àkọ́kọ́, tí kíbọ́ọ̀dù oníbàárà sì kọ ti ìkejì, àwárí á sọ pé kò sí ọjà kankan ní Ọ̀yẹ́. Ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, kí ó tó wọ dátábéèsì, kí ẹ sì tún yí ohun tó bá wọlé látinú URL sí NFC. Àwa tó ń fi èdè wa kọ áàpù la máa kọ́kọ́ bá èyí pàdé. Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ kò mẹ́nu bà á.

Ẹrù kan náà ń jáde lójú ewé 1 àti 2. Ṣé dátábéèsì ló ní méjì?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ wò ó: ẹ to ẹrù láti orí èyí tó dé kẹ́yìn, 20 lójú ewé kan. Ẹrù tó ṣe ogún gan-an jẹ́ kóńgò ìrẹsì Ìgbẹ́mọ. Bí oníbàárà ṣe ń ka ojú ewé 1 lọ́wọ́, ọlọ́jà kan ní Ìjerò kọ ẹrù tuntun wọlé. Gbogbo ẹrù sún sísàlẹ̀ ní ẹyọ kan, ìrẹsì náà sì di ìkọkànlélógún. Oníbàárà tẹ “Síwájú”, sáfà fo 20, ìrẹsì tó ti rí tẹ́lẹ̀ ló tún kọ́kọ́ bá pàdé.

Òdì kejì rẹ̀ ló burú jù, torí kò hàn. Bí ẹnì kan bá pa ẹrù rẹ́ lójú ewé 1, gbogbo rẹ̀ á sún sókè, ìkọkànlélógún á di ogún. Oníbàárà ti kúrò níbẹ̀, ojú ewé 2 sì ti kọjá rẹ̀. Kò ní rí i láéláé. Ẹni tó ń kó gbogbo ojú ewé jọ kó lè mọ iye tí iṣu ń lọ, òǹkà èké ló máa rí.

Fún àkójọ tí kì í yí padà, bí ìjọba ìbílẹ̀ 16, nọ́ńbà ojú ewé kò ní wàhálà. Fún ọjà tó ń wọlé tó ń jáde lójoojúmọ́, ẹ lo kọ́sọ̀.

Báwo ni kọ́sọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?

Dípò kí líǹkì sọ pé “fo 20”, ó ń sọ pé “bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹrù yìí”. Ẹni tó ń kọ ebè máa ń fi igi gúnlẹ̀ síbi tó bá dúró sí. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ ebè mìíràn kún un lókè, igi rẹ̀ ló máa wò lọ́la, kì í ka ebè láti ìbẹ̀rẹ̀.

```
SELECT id, oruko, iye, ojo
FROM eru
WHERE (ojo, id) < ('2025-03-14 09:20:11.482913', 8841)
ORDER BY ojo DESC, id DESC
LIMIT 21;
```

Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fò. `id` wà níbẹ̀ torí ẹrù méjì lè wọlé ní àkókò kan náà. Láìsí i, kò sí bí a ṣe máa mọ èyí tó ṣáájú. 21 wà níbẹ̀ dípò 20 torí ẹyọ tó lé yẹn ló ń sọ bóyá `next` wà: bí ó bá dé, ẹ fi pa mọ́, ẹ kọ líǹkì láti ara ogún. Ìkẹta ni atọ́ka (index) lórí `ojo` àti `id` pọ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, dátábéèsì á lọ tààrà síbi tí igi wà. `OFFSET 100000` ní tirẹ̀ máa ń ka ẹrù 100,000, á dà wọ́n nù, kó tó fún yín ní 20.

Ẹ ṣọ́ra fún àkókò. PostgreSQL, irú dátábéèsì kan, ń tọ́jú rẹ̀ dé nọ́ńbà 6 lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá, `Date` ti JavaScript dúró ní 3. Bí `09:20:11.482913` bá gba ara JavaScript kọjá, ó di `09:20:11.482`, gbogbo ẹrù tó bọ́ sí àárín méjèèjì á sì pòórá. Ẹ gbé e gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ láti dátábéèsì dé inú kọ́sọ̀.

Fún `prev`, ẹ yí `<` sí `>`, ẹ yí títò padà, ẹ mú ogún, ẹ wá dá a sí bó ṣe yẹ kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kọ́sọ̀ kò lè fo lọ sí ojú ewé 7. Bí iṣẹ́ yín bá nílò ìyẹn dandan, nọ́ńbà ni kí ẹ dúró tì.

Ṣé base64 tó láti fi kọ́sọ̀ pamọ́?

base64 kàn ń fi lẹ́tà àti nọ́ńbà mìíràn tún ọ̀rọ̀ kọ ni, kò pa nǹkan kan mọ́. Ẹnikẹ́ni lè tú u. A ń lò ó kí URL má bàa bàjẹ́, kí àwọn èèyàn má sì máa fọwọ́ ara wọn ṣe kọ́sọ̀. Ẹ lo irú tó wà fún URL, torí `+` inú èyí tí a mọ̀ sábà máa ń di àlàfo. Ẹ má fi ohun tí oníbàárà kò gbọ́dọ̀ rí sínú rẹ̀, ẹ fi HMAC (àmì tí kọ́kọ́rọ́ àṣírí sáfà nìkan lè ṣe) bu ọwọ́ lù ú bí ẹ kò bá fẹ́ kí wọ́n yí i padà, kí ẹ sì tún yẹ ẹ̀tọ́ ẹni tó gbé e wá wò ní gbogbo ìgbà. Kọ́sọ̀ ń sọ ibi tí a dé, kò sọ ẹni tó ni ín.

Kíka iye àpapọ̀ ti ń fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ṣé dandan ni?

Rárá. `COUNT(*)` lórí PostgreSQL ní láti wò ó bóyá ẹrù kọ̀ọ̀kan ṣì wà fún ìbéèrè náà láti rí lásìkò náà, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ bí àkójọ bá tóbi. Ẹ yọ `last` kúrò, kí ẹ fi ìkọkànlélógún mọ `next`. Bí ẹ bá fẹ́ kọ “bíi 40,000” sókè, `reltuples` nínú `pg_class` á fún yín ní iye tó súnmọ́ ọn kíákíá.

Mo fi orúkọ ìlú to ẹrù, Ẹ̀fọ̀n wá bọ́ sẹ́yìn Ìkéré. Kí ló kan líǹkì nínú èyí?

Ó kàn án gan-an. Bí dátábéèsì bá ń to lẹ́tà bí báìtì wọn ṣe rí, Adó àti Mọbà á ṣáájú, gbogbo ìlú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ì á tẹ̀lé wọn, Ẹ̀fọ̀n àti Ọ̀yẹ́ á wá kẹ́yìn. Nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, Ẹ tẹ̀lé E, GB tẹ̀lé G, Ọ tẹ̀lé O, Ṣ tẹ̀lé S. PostgreSQL tó ní ICU (àkójọ òfin títò èdè oríṣiríṣi) ń to ó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá lo `COLLATE "yo-x-icu"`.

Ibi tí kọ́sọ̀ ti ń já ni kí ẹ fi ètò Yorùbá sínú `ORDER BY`, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ nínú `WHERE`. Ọ̀kan ń tò ó bí a ṣe ń ka ABD, èkejì ń fi báìtì wé e, ìlú kan á jáde lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn kò ní jáde. Kí atọ́ka náà gbé ètò kan náà.

Nọ́ńbà ojú ewé ni a fi bẹ̀rẹ̀, áàpù ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ṣé a lè yí sí kọ́sọ̀ láìba ohunkóhun jẹ́?

Bí áàpù bá ti ń tẹ̀lé `next` láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lè yí i lálẹ́ òní. `next` tó ń gbé `?page=2` lánàá á máa gbé `?after=...` lọ́la, áàpù kò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ẹ fi `last` sílẹ̀ ní `null` dípò kí ẹ yọ ọ́ lójijì, torí áàpù kan lè ti máa wá a.

Bí áàpù bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ `page`, ẹ jẹ́ kí sáfà máa gba méjèèjì fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú `page`, ẹ dá a lóhùn bó ṣe béèrè, kí líǹkì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti `page`. Ẹni tó bá wá láìmú ọ̀kankan dání, ẹ fún un ní kọ́sọ̀. Ẹ má po méjèèjì pọ̀ nínú èsì kan. Ẹ máa wo àkọsílẹ̀ sáfà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá láìsí ìbéèrè kankan tó ní `page=` nínú, ẹ lè yọ kóòdù rẹ̀.